Ètò Ìyàwòrán Kò Mọ Búlọ́ọ̀kì Ìkòtún

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Sweet Home 3D, ètò tí wọ́n fi ń ya ilé, sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó sì fa ògiri àkọ́kọ́, ògiri tí yóò rí nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 7.5, ó sì ga ní mítà 2.5. Ètò náà kò bi í pé irú ògiri wo ló fẹ́. Ìwọ̀n tí Emmanuel Puybaret, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kọ ètò náà, fi sínú rẹ̀ nìyẹn, ó sì bá irú ògiri fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pín yàrá lọ́hùn-ún mu. Ṣùgbọ́n láti Ẹgbẹ́dá títí dé Ìgàndó l'Ékòó, kò sí bíríkìlà tó máa bá ọ kọ́ irú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kì tí wọ́n ń tà létí títì wa jẹ́ íǹṣì 9 tàbí íǹṣì 6, ìyẹn mìlímítà 225 tàbí 150, kí a tó rẹ́ ẹ rárá.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya ilé fún àwọn onílé Alímọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ló sì ti jókòó tì mí níwájú kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ètò yìí ti dàrú." Ògiri kò pàdé, yàrá kọ̀ kò gba àwọ̀, àtẹ̀gùn kò dé òkè, òrùlé yọ orí jáde níbi tí kò yẹ kó yọ sí. Lójú tèmi, ìdí kan ló wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ilé tí ètò náà mọ̀ kọ́ ni ilé tí a fẹ́ kọ́, a kò sì tíì sọ fún un. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n búlọ́ọ̀kì wa bẹ̀rẹ̀, tó sì ya ilé náà bí bíríkìlà ṣe máa kọ́ ọ, láti ìpìlẹ̀ dé kóòsì dé líńtẹ̀lì dé dẹ́kìn dé òrùlé, wàhálà tó máa bá pàdé kò ní tó nǹkan mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú pulọ́ọ̀tì kan. Odindi pulọ́ọ̀tì l'Ékòó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Tí a bá sọ ọ́ di mítà, iwájú rẹ̀ jẹ́ 18.29. Òfin fẹ́ kí a fi mítà 3 sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ lápá ọ̀tún, kí a fi 3 sílẹ̀ lápá òsì, èyí tó sì kù fún ilé jẹ́ mítà 12.29. Ká sọ pé a fẹ́ to yàrá sí ọ̀tún, ká to yàrá sí òsì, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1.2 gba àárín wọn kọjá. Ògiri mẹ́rin ni téèpù máa bá pàdé láti ẹ̀gbẹ́ kan ilé dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Nínú ètò tí a kò tọ́ sọ́nà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba sẹ̀ǹtímítà 30 péré, yàrá kọ̀ọ̀kan á wá fẹ̀ tó bíi mítà 5.4. Lórí ilẹ̀, búlọ́ọ̀kì íǹṣì 9 mẹ́rin gba sẹ̀ǹtímítà 90, sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ojú méjèèjì tún gba bíi 12 lé e. Yàrá náà di nǹkan bíi mítà 5. Sẹ̀ǹtímítà 36 ti lọ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ó sì ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ìyá onílé tó ti ra àga pálọ̀ sílẹ̀ á wá béèrè pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá, fíìtì 17 ààbọ̀ lẹ sọ fún mi, níbo ló wọlẹ̀ sí?" Ìbéèrè rẹ̀ tọ́.

Nítorí náà, kí n tó fa ìlà kankan, ibi tí wọ́n ti ń yan ìwọ̀n ògiri ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ. Mo máa ń kọ 25 síbẹ̀ fún ògiri íǹṣì 9 tí a ti rẹ́, 17.5 fún ti íǹṣì 6. Gíga rẹ̀ pẹ̀lú ní ìṣirò tirẹ̀. Búlọ́ọ̀kì ga ní mìlímítà 225, sìmẹ́ǹtì tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ tó bíi 25. Kóòsì kan, ìyẹn ìtò búlọ́ọ̀kì kan pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì rẹ̀, jẹ́ 250 nígbà náà, kóòsì 12 sì jẹ́ mítà 3 géérégé. Tí mo bá fẹ́ gbé fèrèsé sí i, kóòsì ni mo máa ń kà: kóòsì mẹ́rin, fèrèsé jókòó lé e. Ẹni tó bá kọ mítà 2.87 nítorí pé ó rẹwà lójú rẹ̀ ti rán bíríkìlà ní iṣẹ́ àti máa gé búlọ́ọ̀kì yí ilé po.

Ìdajì pulọ́ọ̀tì wà tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 30, tó sì gùn ní 120. Mítà 9.14 ni ìbú rẹ̀. Ẹ yọ mítà 3 lọ́nà méjì, èyí tó kù kò ju 3.14 lọ. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè tún ìyẹn ṣe. Ó yẹ kí ẹni tó ń ra ilẹ̀ mọ̀ ọ́n kó tó sanwó, mo sì ń rọ̀ yín pé kí ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá bá yín.

Pláànì tí awọnlẹ̀ yà máa ń kó ìdààmú tirẹ̀ wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíkìnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn òpó kékeré tí awọnlẹ̀ rì sí igun ilẹ̀, ni nọ́ńbà gígùn méjì máa ń wà. Ní àyíká Ìkòtún, èyí tó ń ka ìlà-oòrùn máa ń wà ní nǹkan bíi mítà 530,000, èyí tó ń ka àríwá máa ń wà ní bíi 724,000. Nọ́ńbà náà tọ̀nà. Láti agbedeméjì ayé ni wọ́n ti ń ka ti àríwá, a sì fi kìlómítà tó lé ní 700 jìnnà sí i. Ti ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wà ní kìlómítà 500 sí ìwọ̀-oòrùn ìlà dígírì 3, ìyẹn ìlà tó gba àárín Àgbádárìgì sí Èkó kọjá. Tí a bá gbé fáìlì náà wọ inú ètò ìyàwòrán bó ṣe wà, ilé á bọ́ sí ibi tó fi ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan jìnnà sí àárín ayé ètò náà. Ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, igun kò ní lẹ̀ mọ́ igun, ojú á máa pòòyì. Iye òǹkà tí kọ̀ǹpútà ń pa mọ́ fún ojú kọ̀ọ̀kan ní ààlà. Tí òǹkà iwájú bá ti pọ̀ jù, èyí tó kù fún mìlímítà kò tó mọ́. Revit, ètò ìyàwòrán ilé míràn, kò tilẹ̀ fẹ́ kí a ya nǹkan jìnnà ju bíi kìlómítà 16 lọ sí àárín tirẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò le. Ẹ mú bíkìnì kan, ẹ gbé e wá sí òdo, kí gbogbo ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ síbi tí kò ní sọnù, torí ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pláànì fẹ́ rí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọn ìlà kan láàrin bíkìnì méjì. Awọnlẹ̀ ti kọ gígùn rẹ̀ sórí pépà. Tí 18.29 bá di 18,290 tàbí tó di 0.018, ẹ ti mọ̀ pé ètò náà rò pé mìlímítà ni nígbà tó jẹ́ mítà, tàbí òdìkejì rẹ̀. Àyẹ̀wò kékeré yìí ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ là lójú mi.

Àwọn kan kò ní fáìlì, àwòrán pláànì tí wọ́n fi fóònù yà ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Sweet Home 3D á ní kí ẹ fa ìlà lé ibi tí ẹ mọ gígùn rẹ̀, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀. Ìlà tó gùn jù ni kí ẹ yàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn òmíràn tó dá a lábùú. Tí ìkejì kò bá bá ohun tí awọnlẹ̀ kọ mu, ẹni tó ya fọ́tò náà ti tẹ fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilẹ̀ náà sì ti wọ́. Ẹ má fi ṣiṣẹ́. Ẹ ní kó gbé pépà náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ kí wọ́n sì yà á pẹlẹbẹ.

Ní ti ògiri tí kò pàdé, gbogbo ètò ló ní i, orúkọ tí wọ́n ń pè é nìkan ló yàtọ̀. Nínú Revit, ìkìlọ̀ á jáde pé odi kò yí yàrá ká. Nínú Sweet Home 3D, ẹ lè tẹ inú yàrá lẹ́ẹ̀mejì kó má dáhùn. Nínú SketchUp, tí òun náà jẹ́ ètò ìyàwòrán, ojú ilẹ̀ kò ní kún. Àlàfo wà níbì kan, ó lè kéré ju fọ́nrán irun lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn láti fi ògiri kékeré míràn dí i. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ súnmọ́ igun náà títí tí àlàfo fi máa hàn, ẹ di orí ògiri mú, ẹ fà á títí yóò fi so mọ́ èkejì. Kí ó má tilẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ ya odi ìta yí po tán, kó padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri inú. Bí bíríkìlà ṣe ń ta okùn rẹ̀ náà nìyẹn.

Tí ojú ilẹ̀ bá sì ń ṣẹ́jú, tí àwọ̀ méjì ń jà lórí ara wọn, nǹkan méjì ló wà ní ojú kan náà gan-an, bíi táìlì àti dẹ́kìn. Ẹ gbé táìlì sókè ní ìwọ̀n tó nípọn lóòótọ́, ó parí. Àga àti bẹ́ẹ̀dì tí a ń gbà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń mú kọ̀ǹpútà dákú. Ẹ kó wọn wọlé nígbà tí ilé bá ti parí, pàápàá ẹ̀yin tó jẹ́ pé ínfátà lẹ fi ń ṣiṣẹ́.

Àtẹ̀gùn gba sùúrù. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kóòsì rẹ̀ jẹ́ 12, tí dẹ́kìn rẹ̀ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dé ilẹ̀ òkè jẹ́ mítà 3.15. Àtẹ̀gùn tó wà nínú àpótí ètò náà wà fún ilé tó kúrú ju èyí lọ, nítorí náà kò ní dé òkè. Ohun tí ọwọ́ máa ń yá láti ṣe ni kí a di orí rẹ̀ mú kí a nà án. Á dé òkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ka ìgbésẹ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ 15, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ga ní sẹ̀ǹtímítà 21. Ẹ ronú nípa màmá tó ń fi orúnkún dídùn gùn ún lálẹ́ nígbà tí iná ti lọ. Ìgbésẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15 ni mo fẹ́, ó sì gba 21 kí a tó dé òkè. Tí a bá sẹ́ ẹ sí méjì, pẹ̀lú ibi ìdúró láàrin, ó gba gígùn tó bíi mítà 3.5, ìbú rẹ̀ á sì lé ní 2. Ààyè yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú pláànì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ihò tó wà nínú dẹ́kìn sì gbọ́dọ̀ gùn tó kí orí ẹni tó ń gòkè má baà kọlu kọnkéré. Ẹ gbé ènìyàn kan tó ga dáadáa sórí àtẹ̀gùn náà nínú àwòrán, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Òrùlé ni mo fẹ́ dúró tì pẹ́, torí ibẹ̀ ni àwòrán ti ń tan onílé jù. Ohun tí wọ́n ń béèrè káàkiri Alímọ̀ṣọ́ báyìí ni ilé tí páànù rẹ̀ kò hàn. Búlọ́ọ̀kì á yí orí ilé ká bíi párápẹ́ẹ̀tì, páànù á fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹwà, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ká padà sí ilé wa tó fẹ̀ ní mítà 12.29. Tí òrùlé bá dà sí apá méjèèjì láti àárín, ìdajì rẹ̀ jẹ́ mítà 6.15. Ní dígírì 25, góńgó òrùlé á ga ju orí ògiri lọ ní mítà 2.87. Párápẹ́ẹ̀tì tó ga ní mítà 1.2 kò lè bò ó. Mítà kan ààbọ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ á ta síta. Mo ti rí àwọn tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n pa òrùlé náà rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ àwòrán náà jáde, inú onílé dùn, ó sanwó. Ó dùn mí. Ọjọ́ tí kápẹ́ńtà bá gòkè ni ọ̀rọ̀ máa bẹ́. Òun ni yóò wá rẹ òrùlé sílẹ̀ sí dígírì 10, kí góńgó rẹ̀ lè jẹ́ mítà 1.08, kó sì wọnú párápẹ́ẹ̀tì. Lórí páànù tí kò dà tó bẹ́ẹ̀, omi kì í tètè sálọ. Tí ojú ìsopọ̀ bá pọ̀ lórí rẹ̀, òjò oṣù kẹfà l'Ékòó á wá ọ̀nà wọlé. Gọ́tà kọnkéré tó wà lẹ́yìn párápẹ́ẹ̀tì á kún, páìpù kan ṣoṣo tí ewé ti dí kò ní lè gbé e, omi á sì gba sílíìnì sọ̀kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ fi òrùlé náà sílẹ̀ nínú àwòrán, kí ẹ sì gé ilé láti òkè dé ilẹ̀ kí ẹ rí inú rẹ̀. Nígbà náà ni ẹ̀yin àti onílé lè jọ yàn. A lè pín òrùlé náà sí méjì tàbí mẹ́ta, kí góńgó kọ̀ọ̀kan lè kúrú láìjẹ́ pé ó tẹ́ jù. A lè gbé párápẹ́ẹ̀tì ga sí i tí injiníà bá gbà. A lè fi páànù gígùn tí kò ní ìsopọ̀ láti góńgó dé gọ́tà, kí gọ́tà fẹ̀ tó ibi tí ènìyàn lè dúró sí kó gbá a, kí páìpù ju ẹyọ kan lọ, kí a sì lu ihò sára párápẹ́ẹ̀tì tí omi lè gbà jáde síta bí páìpù bá dí. Ìkẹyìn yìí kò wọ́n rárá, síbẹ̀ n kì í sábà rí i nínú àwòrán. Sweet Home 3D kò ní irinṣẹ́ òrùlé tirẹ̀. Ògiri tí orí rẹ̀ dà ni a fi ń ya ojú ilé onígun mẹ́ta, a sì tún lè fi àfikún ètò kan sí i. Ó gba àkókò, ẹ má tìtorí ìyẹn fò ó. Tí onílé bá sì yan òrùlé tó yọ etí jáde, ẹ fa ìlà ààlà ilẹ̀ kí ẹ wo ibi tí etí náà dé. Lórí ilẹ̀ tóóró, etí tó yọ ní sẹ̀ǹtímítà 60 lè da omi sínú ọgbà aládùúgbò, ìjà náà kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tí ètò ìyàwòrán ilé kò mọ̀ rárá: wíwúwo. Ẹ lè yọ gbogbo òpó kúrò lábẹ́ dẹ́kìn, kó dúró sínú afẹ́fẹ́, kí oòrùn inú àwòrán tàn sí i dáadáa. Ẹ lè ya pálọ̀ tó fẹ̀ ní mítà 9 láìsí òpó kan, kò ní kìlọ̀ fún yín. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò Synagogue Church of All Nations wó ní Ìkòtún níbí. Ènìyàn tó lé ní 110 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Gúúsù Áfíríkà. Ní oṣù keje ọdún 2015, adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ pé àìlágbára ìgbékalẹ̀ ilé náà ló fà á. Ẹni tó bá ń ya ilé ládùúgbò yìí kò lè sọ pé òun kò mọ ewu tó wà níbẹ̀. Mo máa ń gbé òpó mìlímítà 225 sí 225 sínú àwòrán láti ọjọ́ àkọ́kọ́, sí igun àti sí ibi tí ògiri ti pàdé, kí wọ́n má baà wá yọ lójijì láàrin ilẹ̀kùn nígbà tí injiníà bá dé. Ṣùgbọ́n iye irin, ìnípọn dẹ́kìn, bí ìpìlẹ̀ ṣe máa jìn tó, iṣẹ́ injiníà tó ní ìwé àṣẹ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ injiníà ní Nàìjíríà, ni. Tí onílé bá ní, "Ẹ bá mi fi pílà kún un, ẹ kàn ya àjà kan sí i lórí rẹ̀," mo máa ń ní, "Alàgbà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe injiníà." Bó bá kọ̀, mo máa ń dá iṣẹ́ náà padà.

Ilé àtijọ́ tún ní tirẹ̀. Ní Abẹ́sàn, ní apá Ìpájà, ilé tí ìjọba Lateef Jakande, gómìnà Èkó nígbà náà, kọ́ láàrin ọdún 1979 sí 1983 ṣì wà, àwọn onílé sì ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹni tó bá jókòó sílé tó ya wọn ní igun gígún régé máa rí i pé yàrá ìkẹyìn kò ní wọlé mọ́. Ilé tí ènìyàn ti ń gbé fún ogójì ọdún, tí wọ́n ti tún rẹ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, igun rẹ̀ kì í sábà pé dígírì 90. Ẹ wọn ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tún wọn láti igun sí igun lọ́nà méjèèjì. Pẹ̀lú ìwọ̀n yẹn, yàrá di onígun mẹ́ta méjì tí a lè yà bó ṣe rí gan-an, wíwọ́ rẹ̀ sì máa hàn. Ẹ wọn ìnípọn ògiri níbi ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, torí ibẹ̀ lẹ ti lè rí ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan.

Bíríkìlà kì í gbé kọ̀ǹpútà wá sí sáìtì. Pépà ló ń lò, sìmẹ́ǹtì á sì ti bò ó kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nítorí náà mo máa ń tẹ àwòrán ìpìlẹ̀ lọ́tọ̀, ti kóòsì fèrèsé lọ́tọ̀, ti líńtẹ̀lì lọ́tọ̀, ti dẹ́kìn lọ́tọ̀, mo sì máa ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lọ́nà méjì, mìlímítà lókè, fíìtì àti íǹṣì nísàlẹ̀, torí téèpù rẹ̀ ní méjèèjì, ó sì ń ka èyí tó mọ́ ọn lára. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá fẹ́ la ilẹ̀, á fi onígun mẹ́ta 3, 4, 5 dá igun rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó jọ fa téèpù láti igun iwájú dé igun ẹ̀yìn, a ó tún fà á lọ́nà kejì. Tí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, tó sì bá èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà mu, àwọn agbẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá dọ́gba, a ó tú okùn, a ó sì tún un ta.